Èéfín Kejì ní Abà Lásúnkànmí

Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó yọ, Ìbíwùnmí ti máa ń wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ààrò tí kì í ṣe tirẹ̀. Yóò fi ìhá sábẹ́ igi, yóò ṣáná sí i, yóò sì máa fẹ́ ẹ títí omi yóò fi máa dà lójú rẹ̀. Kì í gbé ìkòkò kaná, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ jẹun nínú ilé náà. Èéfín nìkan ló ń wá. Bó bá ti rí i tó gba ara òrùlé jáde, tó sì nà sókè bó ṣe yẹ, yóò gbọn eérú kúrò lórúnkún, yóò yọ́ padà sí ilé ara rẹ̀ bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ ti dàrú o. Orí obìnrin náà pé ju tèmi àti tiyín lọ. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù náà sì ní ìdí tó ti dàgbà ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá ń rọlẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lásúnkànmí kó ìyàwó àti ẹrù rẹ̀ kúrò ní apá ìlú Ọbáfẹ́mi, ó ń wá ibi tí yóò ti gbin nǹkan tí ẹlòmíràn kò ní wá kó jẹ. Ó dé etí igbó kan tí kò jìnnà sí Mowe, ó sì tọ onílẹ̀ ibẹ̀ lọ, Bùrẹ́ímọ̀ lorúkọ rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó lóyún, ó ní kó lọ ṣán ibi tí apá rẹ̀ bá ká. Iṣu díẹ̀ ni yóò máa gbé wá lọ́dọọdún fún ìṣákọ́lẹ̀, kí ayé lè mọ̀ pé àlejò ni. Lásúnkànmí dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó bèèrè pé títí di ìgbà wo?

Bùrẹ́ímọ̀ na ọwọ́ sí òdìkejì àfonífojì, nítorí pé láti iwájú ilé rẹ̀ èèyàn lè rí etí igbó náà kedere. Ó ní, "Èéfín kan, ti ọdẹ ni. Èéfín méjì, ti abà ni. Níwọ̀n ìgbà tí a bá ń rí èéfín méjì lọ́hùn-ún láàárọ̀, èmi, ọmọ mi, àti ọmọ ọmọ mi ò ní gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tó bá ku ẹyọ kan, ó ti di ti ọdẹ nìyẹn. Kí ọdẹ náà palẹ̀ mọ́."

Wọ́n pa obì lé e lórí, wọ́n mu omi sí i, ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó ń wá ìwé nígbà náà. Lásúnkànmí tilẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Èéfín méjì lásán! Ọkùnrin tó ní okun lára, tó ní ìyàwó tó lóyún, kí ló fẹ́ fi èéfín méjì ṣe?

Òótọ́ náà sì ni. Nígbà tí wọ́n fi gbé Ìbíwùnmí níyàwó wá láti Ibafo fún Mùsáfírù, ọmọ Lásúnkànmí, abà ti kún. Àwọn ìbátan ti tẹ̀lé ìbátan wá láti Ọbáfẹ́mi, àwọn ọ̀rẹ́ ti tẹ̀lé ọ̀rẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ a máa sọ pé ẹyẹ tó bá fẹ́ fò kọjá lórí abà náà láàárọ̀, kó yáa fi ìyẹ́ bo imú. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, wọ́n ń fọ epo nídìí odò, ariwo ọmọdé kò sì jẹ́ kí àgbàlagbà sun oorun ọ̀sán. Ẹnikẹ́ni kò ka iye wọn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Ohun tó ń kún ló ń fà, àwọn àgbà sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ẹ́gbóná jà ní ọdún kan, ó wọ ilé kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n júwe ọ̀nà fún. Ó mú ọmọ méjì lọ lọ́wọ́ Ìbíwùnmí, obìnrin náà sì sin wọ́n sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tó ti lè máa rí wọn bó bá ń ro ọkà. Lẹ́yìn náà ni reluwé bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀dọ́kùnrin lọ sí Ifọ̀, Èkó sì ń pe àwọn tí Ifọ̀ kò tó. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan owó oṣù, ó di dandan kí ọkọ́ rùn sí i. Ilé ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan, òjò ń wọ ògiri, ògiri ń wó, igbó sì ń sún mọ́ etí àgbàlá. Hàkímù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó kù fún Ìbíwùnmí, náà lọ sí Èkó. Mùsáfírù kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kó tó dákẹ́, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n rí èéfín kan o."

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí fi máa ṣẹlẹ̀, nínú ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun Hitler, obìnrin méjì péré ló kù ní Abà Lásúnkànmí: Ìbíwùnmí, àti Àsmá'ù ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, opó bíi tirẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ròkíátù. Wọ́n lè bínú síra wọn láti àárọ̀ di ọ̀sán nítorí ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n bí iná ẹnì kan bá kú, yóò gbé àpáàdì, yóò lọ bu ògúnná lọ́dọ̀ ẹnì kejì, ìjà a sì parí síbẹ̀, torí èèyàn kì í gba iná tán kó tún máa kọ ẹ̀yìn sí ẹni tó fún un. Wọn kì í ra ìṣáná. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Nígbà tí ẹsẹ̀ Àsmá'ù wú, tí kò lè rìn mọ́, Ròkíátù ọmọ rẹ̀ wá fi lọ́rì gbé e lọ sí Ifọ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Àsmá'ù sọ láti inú lọ́rì pé, "Bá mi máa dáná o. Mò ń bọ̀." Òjò ọdún yẹn ò tíì dá nígbà tí oníṣẹ́ dé láti Ifọ̀ pé wọ́n ti sin ín.

Ìbíwùnmí kò sunkún. Bí obìnrin bá figbe ta ní abà láàárọ̀, wọn yóò gbọ́ ní Mowe. Bí wọ́n bá gbọ́, wọn yóò wá bèèrè ẹni tó kú. Nítorí náà, ó ti ìbòrí bọ ẹnu, ó gbé ẹkún náà mì, ó sì bẹ oníṣẹ́ kó gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Ní ọjọ́ kejì ó ra ìṣáná. Ó ránṣẹ́ sí Hàkímù ní Èkó pé kó tètè wá bá òun gbé abà. Èsì tí Hàkímù fi rán onílọ́rì ni pé kí ìyá òun kẹ́rù wá bá òun ní Èkó, pé kí ló kù níbẹ̀?

Kí ló kù níbẹ̀! Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, tí Hàkímù kò mọ̀ rí, wà níbẹ̀, wọn kò sì lè wọ lọ́rì.

Gbogbo ilé onílẹ̀ ni Ìbíwùnmí ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù jù ni Ṣàràfá. Ọmọ ọmọ Bùrẹ́ímọ̀ ni Ṣàràfá. Ó kàwé díẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́, ó sì ti rí ọkùnrin ará Èkó kan tó fẹ́ ra gbogbo etí igbó yẹn láti fi gbin ọsàn. Bàbá rẹ̀, Màmúdù, ló jẹ́ olórí ilé, ṣùgbọ́n Màmúdù ti darúgbó, iwájú ilé ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, tó kọjú sí àfonífojì. Ìbíwùnmí a máa rí aṣọ funfun rẹ̀ láti òkèèrè. Gbogbo ìgbà tó bá rí i ni àyà rẹ̀ ń já, torí ó dá a lójú pé èéfín ni bàbá náà ń ṣọ́.

Ní ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, Ṣàràfá gun kẹ̀kẹ́ wọ abà. Ìbíwùnmí ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ìyá Hàkímù, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo, Ṣàràfá. Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ìyá Ròkíátù dà? Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti rí wọn."

"Wọ́n lọ sóko."

"Ẹ̀yin méjèèjì kì í jọ lọ mọ́?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ṣàràfá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo ilé Àsmá'ù, níbi tí èéfín àárọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó ní, "Wọ́n lọ sóko, wọ́n fi iná sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé koríko, nínú ọyẹ́ yìí? Ìyá Ròkíátù kúkú láyà." Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìbíwùnmí. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó mú un fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ìyá, ṣé ẹ ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ kànìyàn? Akọ̀wé wọn ń bọ̀ ní apá ibí, èmi ni màá mú un rìn. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Ròkíátù kí wọ́n má lọ sóko lọ́jọ́ tá a bá dé. Orí ni wọ́n ń kà o. Wọn ò ka èéfín."

Ó lọ tán, Ìbíwùnmí ò bó ẹ̀gẹ́ náà mọ́. Ìkànìyàn! Àwọn ará Ibafo ń sọ pé nítorí owó orí ni, àwọn kan ń sọ pé ọmọ tí òyìnbó bá kà kì í pẹ́ láyé. Èyí kò dẹ́rù bà á, ó ti sin tirẹ̀ láìjẹ́ pé òyìnbó kà wọ́n. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọn yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà Àsmá'ù, wọn yóò ní kó jáde wá. Ta ni yóò jáde? Ó ti parọ́ oko, ó ti parọ́ ọjà, ó ti parọ́ pé Àsmá'ù ń sùn. Irọ́ tó kù kò tó bo orí ènìyàn kan.

Ẹ̀rù náà di ibà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde kúrò lórí ẹní, apá rẹ̀ kò gbé e. Òtútù ń mú un, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Kùkùté igi tó máa ń bo mọ́ eérú nínú ààrò rẹ̀ lálẹ́ ṣì ń rú díẹ̀, ó mọ̀ pé èéfín tòun wà. Ṣùgbọ́n ti Àsmá'ù ńkọ́? Oòrùn ti ń yọ. Ó rákò dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wòta.

Èéfín ń rú nílé Àsmá'ù.

Ó ń rú dáadáa, ó nípọn, ó ga ju èyí tí Ìbíwùnmí fúnra rẹ̀ ń dá lọ. "Mò ń bọ̀," ni Àsmá'ù sọ láti inú lọ́rì. Ẹni tó sọ pé òun ń bọ̀ ti kú, wọ́n sì sin ín sí Ifọ̀, wọn kò sunkún rẹ̀ lábà, wọn kò sàdúrà fún un lábà. Ṣé kò ní bínú wá? Ìbíwùnmí ń ka Láìláhà illallahu léraléra, kò sì mọ ibi tó ń dé nínú rẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: "Àsmá'ù?" Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti ilẹ̀kùn padà, ó fi odó dí i.

Nígbà tí ibà rọlẹ̀ lọ́sàn-án ló tó láyà láti lọ. Ilé náà dákẹ́. Eérú ààrò ṣì gbóná. Ó wo igi tó jó kù, ó rí i pé gẹdú gidi ni, irú èyí tí obìnrin kankan kì í fi dáná àárọ̀. Lórí ilẹ̀ àgbàlá, ihò kéékèèké tẹ̀ léra wọn láti ọ̀nà odò wá, bí ẹni pé ẹnì kan ń fi igi gún ilẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. Òkú kì í fi igi gún ilẹ̀. Ènìyàn ni. Ọkùnrin ni. Ẹ̀rù òkú kúrò lára rẹ̀, ẹ̀rù alààyè sì wọlé, èyí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣàràfá ti mọ̀, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó ti mọ̀, ó ń fi mí ṣeré bí ológbò ti ń fi eku ṣeré.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe ń mọ́, ó lọ sápamọ́ sẹ́yìn ògiri ilé kan tó ti wó. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá. Ẹnì kan ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, ó ń sinmi, ó ń rìn, ó tún ń sinmi. Nígbà tó wọ inú ilé Àsmá'ù, tí iná ràn, ìmọ́lẹ̀ iná náà tàn sí i lójú. Màmúdù ni. Onílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú eérú pẹ̀lú aṣọ funfun, ó ń fẹ́ná, ó sì ń wúkọ́.

Ìbíwùnmí kò mọ̀ pé òun ti jáde sí gbangba.

Bàbá náà kò bojú wẹ̀yìn. "Ta nìyẹn? Bó bá jẹ́ ìwọ ni, Ìyá Hàkímù, wá bá mi fẹ́ ẹ. Èéfín yìí fẹ́ fọ́ mi lójú."

Ìbíwùnmí wó lulẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ má lé mi. Torí Ọlọ́run, ẹ wo ojú Mùsáfírù."

"Bí mo bá fẹ́ bínú, ṣebí ilé mi ni mo ti máa bínú, màá sì sùn títí ojúmọ́ á fi mọ́ dáadáa. Àsmá'ù ti kú, àbí?"

Ìbíwùnmí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Mo fura. Iná tí wọ́n fi ń se oúnjẹ a máa pẹ́. Tibí kì í pẹ́. Kí oòrùn tó yọ tán, ó ti kú. Mo wá ń bi ara mi pé, ta ló ń dáná lójoojúmọ́ tí kì í jẹun?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ikọ́ dá a dúró. "Lánàá mo jókòó, mo rí ẹyọ kan. Ṣàràfá ń kírun lọ́wọ́, kò tíì jáde. Mo gbé ọ̀pá mi, mo ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò yára bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ pípẹ́."

"Kí ló dé, Bàbá? Ilẹ̀ yín ni."

Màmúdù ń fi igi tún ògúnná tò. "Òjò ló pa iná Lásúnkànmí lọ́nà lọ́jọ́ tó wá. Bàbá mi bu iná nínú ààrò wa sínú àpáàdì, ó ní kí n gbé e tẹ̀ lé àwọn àlejò náà. Ọmọdé ni mí, ó ń jó mi lọ́wọ́, mò ń sunkún lọ. Iná tó kọ́kọ́ jó lábà yìí, ọwọ́ mi ló ti wá. Nígbà tí bàbá mi ń kú lọ, ó ní ẹni tó bá gba iná padà lọ́wọ́ àlejò, inú òtútù ni yóò kú sí. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ṣàràfá ní òun ò da májẹ̀mú, pé èéfín méjì ni bàbá àgbà sọ, òun kàn ń dúró dè é ni. Gbogbo ẹbí sì gbè é. Òótọ́ ló sọ, kí ni mo fẹ́ wí? O rí i, ẹ̀rù ń bà ọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Òtútù ti ń mú mi báyìí, ó ṣe tán."

Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú. "Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kànìyàn, má parọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní Àsmá'ù, sọ pé ó ti kú."

"Bàbá! Bí mo bá sọ ọ́, ó parí!"

"Sọ ọ́," ni Màmúdù wí, ó sì ń lọ.

Ìwọ̀nyí ni ọjọ́ tó burú jù fún Ìbíwùnmí. Ṣé kí ó gba onílẹ̀ gbọ́? Baba Ṣàràfá ni. Ta ló rí baba tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, tó gbè sẹ́yìn àlejò? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n jọ gbìmọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni, kí obìnrin náà lè fi ẹnu ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ láìsí ìjà. Ó di ẹrù láti lọ sí Èkó. Ó gbé e dé ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó rí òkìtì kékeré méjèèjì, ó sì tú ẹrù náà padà. Ó tún ronú àtibẹ obìnrin kan ní Ibafo kó wá ṣe bí Àsmá'ù fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n Ṣàràfá mọ Àsmá'ù láti kékeré, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọ̀n ọ́n lọ síbi ìkómọ àbúrò rẹ̀. Bí ewé bá já lulẹ̀, yóò fò.

Ọjọ́ náà pé. Àárọ̀ ni wọ́n dé, Ṣàràfá níwájú, akọ̀wé lẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan tí eruku pupa ti kun bàtà rẹ̀, tí òùngbẹ sì ń gbẹ. Láti àná ni Ìbíwùnmí ti ń gbọ̀n. Kò tilẹ̀ lè rìn dé ilé Àsmá'ù láàárọ̀ yẹn láti dáná, ìdí ògiri ara rẹ̀ ló jókòó sí. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí èéfín lórí òrùlé Àsmá'ù. Inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ìdẹ lásán ni, ó rò bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni akọ̀wé wí. "Ẹni mélòó ló sùn sílé yìí mọ́jú?"

"Èmi nìkan."

Akọ̀wé kọ ọ́. Ṣàràfá ti kọjú sí ilé kejì. Ó gbóhùn sókè pé, "Ìyá Ròkíátù! Ẹ jáde wá o, ìjọba fẹ́ rí yín!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó wo Ìbíwùnmí. "Tàbí wọ́n tún ti lọ sóko?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti là á láti sọ ọ́. Ó rí Ṣàràfá tó ń retí irọ́ náà tayọ̀tayọ̀, ó rántí bàbá arúgbó nínú eérú, ó rántí Àsmá'ù nínú lọ́rì tó ń juwọ́. Ẹ̀rù náà ti pọ̀ jù, kò sí ibi tó kù tí yóò gbà sí.

"Àsmá'ù ti kú," ni Ìbíwùnmí wí. "Ó ti kú! Ó ti kú láti ìgbà òjò, mi ò sì sunkún ẹ̀!"

Ẹkún tó ti gbé mì láti ìgbà òjò sì jáde. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ké, ó ń pe oríkì Àsmá'ù, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì òun. Akọ̀wé kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Omi bọ́ lójú Ṣàràfá pàápàá, torí Àsmá'ù kì í ṣe àjèjì sí i. Lẹ́yìn náà ló wá nu ojú, ó ní, "Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Akọ̀wé, ẹ ti gbọ́. Ẹnì kan ló kù. Èéfín kan. Ìyá Hàkímù, ẹ má bínú, ẹ mọ ohun tí àwọn baba wa bá ara wọn sọ."

"Ta ló wá dáná sílé yẹn?" ni akọ̀wé bèèrè.

Ilẹ̀kùn ilé Àsmá'ù ṣí. Màmúdù jáde, ó di ẹní rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, ó gbé bùtà àlùwàlá lọ́wọ́ kejì. Ojú rẹ̀ wú bíi ti ẹni tí oorun ò tó. Ṣàràfá dọ̀bálẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

"Bàbá! Kí lẹ ń ṣe níbí? Mo rò pé ẹ ti lọ kírun ni!"

"Mo kírun níbí." Bàbá náà yíjú sí akọ̀wé. "Ìwọ ọmọ yìí, kí ni ìjọba ní kó o bèèrè?"

"Ibi tí ẹ sùn mọ́jú, Bàbá."

"Inú ilé yìí ni mo sùn mọ́jú. Ibẹ̀ ni màá sùn lónìí. Ibẹ̀ ni màá sùn lọ́la bí Ọlọ́run bá jí mi. Iná tó ò ń wò yẹn, èmi ni mo dá a, iṣu ni mò ń sè lórí ẹ̀. Kọ ọ́."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀!" Ṣàràfá kò tíì dìde kúrò lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Onílẹ̀ kì í ṣe àtìpó!"

"Bàbá rẹ ló ń gbé abà àwọn Lásúnkànmí, Ṣàràfá. Ó rẹ̀ mí, mo fẹ́ sinmi, ibẹ̀ ló wù mí. Tó o bá sì ń bẹ̀rù pé mo jẹ ilẹ̀ yín gbé, wá lákòókò iṣu tuntun, wá gba ìṣákọ́lẹ̀ rẹ lọ́wọ́ mi. Màá mú èyí tó tóbi."

Akọ̀wé fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣàràfá dìde, ó gbọn eruku, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì wo èéfín. Kí ni yóò sọ? Ṣé yóò gba ilẹ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lójú ìjọba? Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò gùn ún, ó ń tì í lọ. Akọ̀wé bèèrè omi, ó mu ún, ó bi Ìbíwùnmí fún ìgbà ìkẹyìn kó lè dá a lójú pé, gbogbo abà, ẹni mélòó?

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í ka ènìyàn. Ó nu imú rẹ̀ sí etí ìró.

"Méjì," ni Ìbíwùnmí wí.

Nígbà tí abà dákẹ́, ó wọ ilé ìdáná rẹ̀ láti wá nǹkan fi sẹ́nu. Òkùnkùn ló bá níbẹ̀. Láti àná tó ti ń gbọ̀n, kò rántí kùkùté igi inú ààrò rẹ̀; ó ti jó tán, eérú rẹ̀ ti tutù. Àyà rẹ̀ já bó ṣe máa ń já, ó sáré jáde wo ojú ọ̀run. Èéfín kan péré ló wà níbẹ̀, èyí tó ń rú lórí òrùlé Àsmá'ù.

Ìṣáná wà lórí pẹpẹ, ó kù díẹ̀ nínú páálí rẹ̀. Ó gbé e, ó sì gbé e padà síbi tó wà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wá àpáàdì tí kò fọwọ́ kàn láti ìgbà tí lọ́rì ti gbé Àsmá'ù lọ, ó fẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀, ó ré àgbàlá kọjá, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iná mi kú. Ẹ fún mi níná."